Ṣọ́ọ̀kì Tí Yóò Gbé Ìkòkò Aró Délé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin kò lè wa píkọ́ọ̀pù gun òkè Igbein nígbà òjò, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, kí ẹ sì dárúkọ Bùsírátù Ọlánípẹ̀kun fún un. Láàárín àwọn ọdún 1980 tí à ń sọ yìí, obìnrin tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun kò wọ́pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Mùsílíù ọkọ rẹ̀, ẹni tí ń wa ọkọ̀ ńlá lọ sókè Ọya, ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ìyàwó rẹ̀ ti mọ ọkọ̀ wà jù ú lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín sí i kí àwọn ènìyàn lè rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Iṣẹ́ Bùsírátù kì í tán. Láàárọ̀, á kó ẹrù àdìrẹ àwọn aláró Igbein lọ sí Láfẹ́nwá. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bọ̀ láti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Alábàtà. Ọwọ́ rẹ̀ dá lórí ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Dẹ́rẹ́bà tó bá fẹ́ gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́ á gbọ́ ohun tí ìyá tó bí i kò sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí apá Bùsírátù kò ká. Ìyá rẹ̀ ni.

Aláró ni ìyá yìí, Asiata ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Igbein ni, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ bàbá Bùsírátù, ó bá a lọ sí oko, ní abúlé kékeré kan tó kọjá Alábàtà, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí bàbá fi kú. Lẹ́yìn ikú bàbá, kò padà sílé. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ àti ìkòkò aró kan, ìkòkò yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá tó bí Asiata ló ni ín. Ó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, ikùn rẹ̀ rí rogodo, aró inú rẹ̀ kò sì gbẹ rí láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kọ́kọ́ pò ó. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀lú àti omi eérú kún un, tí ti àná á sì máa jí ti òní. Àwọn aláró mọ̀ pé bí aró bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀, aṣọ tó bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á dúdú ju èyí tí wọ́n rẹ léraléra nínú aró tuntun.

Nígbà òjò kan, ibà dá ìyá yìí dùbúlẹ̀ lábúlé. Ó pẹ́ kí Sàlàhúdíìnì, àgbẹ̀ tó múlé gbè é, tó ráyè wá sí Igbein wá sọ. Bùsírátù sáré lọ. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò, ó ti rù kan egungun, ó sì ń fi ọ̀pá ro aró. Ara ti ń yá a nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba Bùsírátù lọ́jọ́ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ọkàn rẹ̀ á ti lọ sí abúlé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ó bẹ̀ ẹ́. "Yàrá yín wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń bèèrè yín."

"Kí n wá fi ìkòkò ìyá mi sílẹ̀ fún ta ni?"

"A ó ra òmíràn."

Ìyá wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì. "Wọ́n ń ra ìyá ni? Bùsírá, gbọ́ mi dáadáa. Ibi tí ìkòkò yìí bá wà, ibẹ̀ ni mo wà. Bí o bá lè gbé e dé Igbein pẹ̀lú aró inú rẹ̀, kó má fọ́, kó má dà nù, màá tẹ̀lé e. Bí o ò bá lè gbé e, jẹ́ ká máa kíra wa báyìí."

Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Obìnrin tí ń gbé ẹrù gbogbo ìlú kò rí ìkòkò ìyá tirẹ̀ gbé.

Ọ̀nà abúlé náà ló fa gbogbo wàhálà. Òkúta ló kún un, àgbàrá sì ti gbẹ́ ibi tí táyà ń gbà débi pé àárín ọ̀nà ga bí ebè. Kò sí ìgbà tí ikùn píkọ́ọ̀pù kì í gbo ilẹ̀. Nítorí náà Bùsírátù gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì, mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́nwá, ó ní kí ó bá òun gbé e sókè. Jẹ̀lílì fi irin kún sípíríńgì ẹ̀yìn, ó wá nǹkan gbé iwájú náà sókè, ó sì fi táyà tó tóbi sí i. Nígbà tó parí, píkọ́ọ̀pù náà dúró lórí ẹsẹ̀ bí ògòǹgò. Àwọn aláró tó máa ń bá a lọ sọ́jà ní láti gun orí àpótí kí wọ́n tó lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ Bùsírátù ìgbà tí yóò ra àkàbà. Ṣùgbọ́n ikùn ọkọ̀ kò gbo ilẹ̀ mọ́. Inú Bùsírátù dùn, ó ní ìṣòro ti parí.

Kò parí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìkómọ kan nínú ẹbí, ó lọ gbé ìyá rẹ̀ wá, kí ìyá lè fojú ara rẹ̀ rí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Ọkọ̀ tí kò gbo ilẹ̀ mọ́ wá ń fò. Ó bọ́ sí kòtò, ó fò. Ó gun òkúta, ó fò. Kódà níbi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí ijó. Orí ìyá gbá òrùlé ọkọ̀, ìborùn rẹ̀ sì bá fèrèsé jáde. Nígbà tí wọ́n dé Igbein, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó di ìbàdí mú, ó wo ọkọ̀ láti òkè délẹ̀.

"Èmi tí mo ní egungun lára, ohun tó fojú mi rí rèé. Kí ni yóò wá fojú ìkòkò tí kò ní egungun rí?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bùsírátù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìyá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tilẹ̀kùn.

Ó padà sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ díẹ̀ ni Jẹ̀lílì, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, iṣẹ́ kì í sì í sú u. Ó fi gbogbo ara ti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, kò fẹ́ dáwọ́ dúró.

"Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló kú, Àǹtí. Sípíríńgì ló ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún sípíríńgì pé ó tó, jókòó. Eléyìí ò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adéṣọlá, kẹ́ ẹ ra irú ẹ̀ wá."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni orúkọ Bàbá Adéṣọlá yìí, àgbàlagbà kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ nítòsí ibẹ̀. Lásìkò náà, ohun tuntun inú páálí ti wọ́n kọjá ohun tí dẹ́rẹ́bà ń fojú wò, gbogbo ayé ló sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sáàárín aṣọ kì í fi ẹnu lásán ra nǹkan. Bí ẹbí bá fẹ́ ra irú aṣọ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, wọn á gé etí rẹ̀ dání lọ sọ́jà, wọn á fi wé ti onítajà nínú oòrùn, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ wọn jẹ. Bùsírátù kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà rajà. Ó fi àkísà wé ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, ó gbé e lọ bí ẹni gbé àpẹẹrẹ àdìrẹ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ náà kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà ni pé kí ó mú ti àtijọ́ wá. Wọ́n gbé èyí tí ó fẹ́ rà ti èyí tó mú wá. Gígùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ihò kan náà. Gbogbo wọn gbà pé ó bára mu.

Ó bára mu lóòótọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ tí etí ọ̀kan nínú méjèèjì, ibi tí bọ́ọ̀tì ń gbà wọlé, fi ya, tí ọ́ìlì sì ń sun lára èkejì. Bùsírátù tún mú un padà lọ, ó tún ra irú rẹ̀, ìyẹn náà tún ya. Nígbà tó máa padà síbẹ̀, ìjà ló bá lọ.

"Bàbá Adéṣọlá, ayédèrú lẹ̀ ń tà fún mi!"

"Ayédèrú kẹ̀? Èmi Ọmọ́tọ́ṣọ́! Mo fi Bíbélì búra, láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí..."

"Ẹ má fi Bíbélì búra fún mi, Mùsùlùmí ni mí."

"Kùránì dà? Gbé e wá, màá fi ìyẹn náà búra!"

Àwọn tó ń tajà nítòsí rẹ́rìn-ín títí tí Bùsírátù náà kò fi lè bínú mọ́. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ra mínírà fún un, ó sì ń fọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì tó ya náà bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Òótọ́ ni pé ohun tó dára ló tà. Kò kàn yé e bó ṣe ń bàjẹ́ ni.

Jẹ̀lílì wá mú àbá tirẹ̀ wá. Ó ní ọkọ̀ tó ga fẹ́ ohun ńlá, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì lọ́rì sí i, kí ìyà parí. Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbà kí wọ́n mú ti lọ́rì lọ dán wò, Jẹ̀lílì wá irin jó mọ́ ọkọ̀ kó lè gbà á. Ó di gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, òun àti Bùsírátù jọ jókòó síwájú, Mọ́níkẹ́, aláró tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bùsírátù, sì bá wọn padà sí Igbein lẹ́yìn ọkọ̀, láàárín ẹrù aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí, ó ti dákẹ́!" ni Jẹ̀lílì ń wí bí wọ́n ṣe ń lọ. "Kò mì mọ́ rárá!"

Lóòótọ́ kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́níkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń pa ìdí. "Jẹ̀lílì, kò mì, àmọ́ gbígbá ló ń gbá ni! Kò sí òkúta kan lọ́nà tí mi ò mọ̀ báyìí."

"Ẹ̀yin lẹ ò jókòó dáadáa, Àǹtí Mọ́níkẹ́."

"Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n jókòó? Láti kékeré ni mo ti ń jókòó!"

Bùsírátù jẹ́ kí wọ́n jà á tẹ́rùn. Ó rí i pé ẹni tó wà níwájú kò lè mọ ohun tí ojú ẹni ẹ̀yìn ń rí, ẹni ẹ̀yìn náà sì lè bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí tí kò ní ẹnu lòun ń fẹ́. Ó wọ àgbàlá Mọ́níkẹ́, ó bu aró sínú abọ́ ńlá kan títí ó fi kù díẹ̀ kó kún. Ó mú aṣọ tẹ́rù funfun kan tí wọn kò tíì rẹ, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó gbé abọ́ aró ka àárín rẹ̀. Ó wá wa ọkọ̀ gba ọ̀nà olókùúta tó wà lẹ́yìn ilé lọ, ó sì yí padà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, abọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Aṣọ funfun ti di aláró láti etí dé etí, ara ọkọ̀ náà mu nínú rẹ̀. Mọ́níkẹ́ na aṣọ náà sókè kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

"Jẹ̀lílì, o ti kọ́ṣẹ́ tuntun. Máa bọ̀ wá bá wa rẹ aṣọ!"

Jẹ̀lílì wo aṣọ, ó wo ọkọ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó tú ṣọ́ọ̀kì lọ́rì kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Èyí tó ṣẹ́kù tí kò tíì ya nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, ó ní kí òun dè é mọ́ ọn ná, kí ọkọ̀ má baà wà lásán.

Bùsírátù ní òun fẹ́ wò ó bó ṣe ń dè é. Ó ti sú u kí wọ́n máa sọ fún un nípa ohun tí òun kò fojú rí. Ó káṣọ mọ́ra, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá a. Jẹ̀lílì de orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọkọ̀ lókè, ó wá ń fa ìdí rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ kó lè kan irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ó fà á, ó fà á, kò fẹ́ tó. Ó ní láti fi ẹsẹ̀ tì í kí ihò rẹ̀ tó bá bọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ dúró lójú kan, kò ru nǹkan kan, ṣọ́ọ̀kì sì ti nà tán bí ọmọdé tó ń nàgà mú ẹran lórí àjà.

"Jẹ̀lílì, dúró. Bí táyà bá wá bọ́ sí kòtò báyìí ńkọ́? Ibo ló tún máa nà dé?"

Jẹ̀lílì tún fọwọ́ fà á wò. "Kò síbi tó máa nà dé mọ́, Àǹtí. Etí ẹ̀ ló máa ya."

"Èyí tí mò ń gbé kiri ṣe àpẹẹrẹ, ìgbà wo ló ti wà lára ọkọ̀?"

"Ká tó gbé e sókè ni..." Jẹ̀lílì jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀kì náà. Ojú rẹ̀ là.

Bùsírátù bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Bàbá Adéṣọlá, ẹ má bínú o! Ọmọ ti ga, bùbá ìgbà èwe ẹ̀ la ṣì ń gbé lọ fún télọ̀ pé kó fi wọ̀n ọ́n!"

Ó sáré jáde, ó sì ń pariwo ohun tó rí fún Mọ́níkẹ́ àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Jẹ̀lílì náà kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé jáàkì, ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè títí táyà fi kúrò nílẹ̀, ó mú okùn, ó ní òun ti fẹ́ wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì tí yóò bá a mu. Bùsírátù gbá okùn náà mú.

"Ṣé ojú òfurufú ni mo fẹ́ gbé ìkòkò ìyá mi gbà ni? Sọ ọ́ kalẹ̀. Bá a bá ra èyí tó gùn tó báyìí, tí ẹrù bá wọ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì náà á wọ inú ara ẹ̀ tán, á tún máa gbá wa. Ẹrù ni ká kọ́kọ́ kó sí i, ká wá wọ̀n ọ́n."

Ẹrù wo? Ìkòkò wà lábúlé. Mọ́níkẹ́ ló yanjú ìyẹn. Ó na ọrùn sí àgbàlá, ó ké sí àwọn aláró, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jáde pẹ̀lú ọwọ́ dúdú wọn, tí wọ́n ń gun àpótí, tí wọ́n ń fa ara wọn sínú píkọ́ọ̀pù.

"Ìyá Harriet, ẹ bọ́ sáàárín," ni Mọ́níkẹ́ wí fún èyí tó sanra jù nínú wọn. "Ẹ̀yin ni ìkòkò."

"Èmi nìkan ni ìkòkò àti aró inú ẹ̀," Ìyá Harriet dáhùn, ó sì jókòó bí olorì. Àwọn yòókù ni ìyá àti ẹrù ilé rẹ̀.

Ẹni tó ń kọjá lọ dúró, ó bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ. "A ò lọ síbì kankan," wọ́n dáhùn, "ṣọ́ọ̀kì là ń wọ̀n!" Ẹ̀rín tún sọ. Lábẹ́ ọkọ̀, Jẹ̀lílì ń pariwo pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má rẹ́rìn-ín, ìdí ni pé bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín ni ọkọ̀ ń mì, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ń sọnù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Níkẹyìn, ó ta okùn ní kókó láti fi sàmì gígùn tí ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní nígbà tí wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó tún ta kókó mìíràn fún ọkọ̀ òfìfo.

Okùn yìí ni Bùsírátù mú lọ sí Láfẹ́nwá, òun àti Mọ́níkẹ́.

"Ti àtijọ́ dà?" ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ bèèrè.

"Mi ò mú un wá, Bàbá. Okùn ni mo mú wá."

"Okùn? Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ rà ni?"

Bùsírátù kúnlẹ̀, ó tọrọ gáfárà fún ọ̀rọ̀ ayédèrú ọjọ́sí, ó wá ṣàlàyé. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣí fìlà, ó họ orí, ó gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó láti kókó dé kókó. Ó wá da gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó ní sílẹ̀ lórí tapolíìnì. Wọ́n ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì wọ́n wọlé, wọ́n ń fi okùn wò wọ́n. Èyí tí wọ́n ń wá ni èyí tó jẹ́ pé, bí ọkọ̀ bá ru ẹrù, yóò wà láàárín gbùngbùn, tí àyè yóò ṣì wà fún un láti nà, tí àyè yóò sì wà fún un láti wọlé. Ọ̀pọ̀ kò yege. Níkẹyìn, ó ku oríṣi méjì nílẹ̀, ọ̀kan ń dán gbinrin nínú ọ̀dà pupa, èkejì ti ṣá.

"Pupa yìí ni kó o mú," Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbà á níyànjú. "Wò ó bó ṣe ń dán."

"Bàbá, ṣé mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìyàwó ni?"

Ó ti èyí pupa mọ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó ta padà lójijì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lágbọ̀n. Ó ti èyí tó ṣá. Ìyẹn sinmi díẹ̀, ó wá ń dìde bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Ó fi ọ̀kan lé Mọ́níkẹ́ lọ́wọ́, ó mú èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì tì í wọlé pọ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ wọn pọ̀. Wọ́n jọ dìde, wọ́n jọ dé òkè, ọ̀kan kò sáré ju èkejì lọ.

"Eléyìí ni tèmi," ni Bùsírátù wí.

Jẹ̀lílì dè é mọ́ ọkọ̀ láìfi ẹsẹ̀ ti nǹkan kan. Wọ́n tún kó àwọn aláró sẹ́yìn, wọ́n tún tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n gbé abọ́ aró kà á, wọ́n gba ọ̀nà olókùúta kan náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, aró díẹ̀ ló ta sí aṣọ, kíún-kíún bí ẹyọ ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ sì sún mọ́ ìdí abọ́. Ìyá Harriet ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti gba ibi olókùúta kọjá. Jẹ̀lílì jó yí ọkọ̀ ká, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má jó.

Bùsírátù ká aṣọ méjèèjì, ti ṣọ́ọ̀kì lọ́rì àti ti ìkẹyìn yìí, ó kó wọn lọ sí abúlé. Ó tẹ́ wọn síwájú ìyá rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Aláró ni ìyá. Aṣọ kò lè purọ́ fún un. Ó wo àkọ́kọ́ pẹ́.

"Èyí lẹ́wà jù," ó wí.

"Màámi!"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó fi ìka tẹ àwọn ẹyọ aró tó wà lórí ìkejì, ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ẹnu. "Ó dáa. Lọ pe Sàlàhúdíìnì kí wọ́n wá gbé e. Àmọ́ ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ìkòkò mi ni màá jókòó o, mi ò sí níwájú kankan."

Sàlàhúdíìnì àti àwọn ọkùnrin abúlé fi okùn àti igi gbé ìkòkò náà, wọ́n ń kérora, wọ́n ń fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ pé aró ló ń kó lọ àbí òkúta. Wọ́n gbé e ka orí táyà àtijọ́ tí Bùsírátù ti ki àpò àti koríko sínú rẹ̀. Ìyá fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀, ó so ó, ó ṣe Bìsímílà, ó jókòó tì í, ó na apá yí i ká bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Ọkọ̀ gbéra.

Bùsírátù kò wakọ̀ báyẹn rí láyé rẹ̀. Bó bá ti rí kòtò, á rọra tẹ bíréèkì. Bí táyà bá ti gun òkúta, á tẹ́tí sí ẹ̀yìn kó lè gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò gbọ́ igbe, kò gbọ́ èébú, kò gbọ́ ohunkóhun. Ìyẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà á, nítorí Asiata kì í ṣe ẹni tí í dákẹ́ nínú ọkọ̀. Ó ké sí i, kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n kọjá Alábàtà, ó yí ojú wo gíláàsì ẹ̀yìn. Ìyá ti dojú dé ara ìkòkò, orí rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀.

Ó ń sunkún ni, Bùsírátù rò. Ìkòkò ti sán. Kò ní ìgboyà láti dúró wò ó. Ó ní bó bá ti bàjẹ́, kí òun má tíì mọ̀ ná, kí òun ṣì máa gbé ìyá òun lọ sílé títí ọ̀nà yóò fi tán.

Ọ̀nà tán. Àwọn aláró Igbein ti dúró síta, Jẹ̀lílì wà láàárín wọn, kódà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó. Bùsírátù pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Mọ́níkẹ́ ti gun àpótí ṣáájú rẹ̀, ó ti tú aṣọ ẹnu ìkòkò, ó sì ń juwọ́ sí wọn láìsọ̀rọ̀. Aró kún dé ibi tó kún dé lábúlé. Kò sí ibi tó sán. Asiata fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìkòkò náà, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, ó ń hanrun.

Kò sí ẹni tó fẹ́ jí i. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo obìnrin àgbà tó fi ọ̀nà olókùúta sun oorun, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú. Ayọ̀ kún Bùsírátù. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Màámi."

Ìyá ṣí ojú, ó yọ ọwọ́ tó rọra ń jí i kúrò léjìká, ó tún ìborùn so, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Bùsírá, kí là ń dúró dè? Ṣebí ìwọ lo ní ká tètè gbéra. Wa ọkọ̀, jẹ́ ká máa lọ sílé."